Òdúndún àti àbámọ̀dá: ṣé ewé kan náà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i

ÌyáMọ́rẹ̀_London

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá ọkọ mi tó wà l'Ábẹ́òkúta ló ní kí n wá òdúndún fún ikọ́ tó ń yọ ọmọ wa lẹ́nu, ọmọ oṣù mẹ́jọ ni. Mo wá a kiri níbí, ìyá ará Jàmáíkà kan tó ń ta nǹkan ọbẹ̀ ní Brixton ló fún mi ní ewé kan, ó ní "leaf of life" làwọn ń pè é nílé àwọn, pé ikọ́ gan-an làwọn náà ń lò ó fún. Mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé lórí wáàsáàpù, màmá ní òdúndún náà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní rárá o, àbámọ̀dá ni, látìgbà yẹn wọn ò tíì fẹnu kò. Ewé náà nípọn, omi pọ̀ nínú ẹ̀, etí ẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́, èyí tí mo sì gbé sójú fèrèsé láìgbìn ín ti ń yọ ọmọ kéékèèké létí. Èwo ni mo mú dání gan-an? Ṣé mo lè fún ọmọ, àbí kí n ṣì dúró ná? Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n ṣèèṣì o, ọ̀rọ̀ ọmọ ni.

Ẹlẹ́wéỌmọ_Bódè

Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú, ara ọmọ náà á yá lágbára Ọlọ́run. Ìdí ewé ni mo jókòó sí ní ọjà Bódè n'Íbàdàn níbí, ìyá mi ló ń tà á kó tó kàn mí. Ewé tó bá ti ń yọ ọmọ létí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, àbámọ̀dá ni. Òdúndún ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ gbé e kalẹ̀ títí, rírọ ló máa rọ. Ọ̀pá ẹ̀ la máa ń gé gbìn tí a bá fẹ́ kó pọ̀.

Tí wọ́n bá yọ òdòdó, ọmọdé á mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Òdòdó òdúndún kọjú sókè, ó kéré, ó pupa rúsúrúsú, awẹ́ mẹ́rin ló ní. Ti àbámọ̀dá kọrí sílẹ̀, ó gùn, ó wú, afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀, àwa la máa ń tẹ̀ ẹ́ lọ́mọdé kó dún pọ́ọ̀. Tí àbámọ̀dá bá sì ti dàgbà dáadáa, ewé ẹ̀ á máa pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, òdúndún kì í pín bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ló ń da àwọn èèyàn rú. Àbámọ̀dá yìí kan náà làwọn àgbà míì ń pè ní ẹrú òdúndún, àwọn míì ń pè é ní kóropọ̀n (ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, lójú tèmi nítorí òdòdó ẹ̀ tó wú tó sì ń fì ni), mo ti gbọ́ kantíkantí náà rí. Tí oníbàárà bá dé tó ní òdúndún lòun ń wá, mo máa kọ́kọ́ bi í pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Tó bá jẹ́ ti ìwẹ̀ tàbí omi ẹ̀rọ̀, òdúndún gidi ni màá bù fún un. Tó bá jẹ́ ti ikọ́ ọmọdé, àbámọ̀dá lọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá bí wọ́n tiẹ̀ ń pe òdúndún lẹ́nu. Torí náà màmá yín ò purọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín náà ò sì ṣì í, orúkọ tí kálukú bá nílé ẹ̀ ló ń pè.

ỌmọÌjẹ̀bú77

Màmá Bódè ti sọ ọ́ tán. Ní ìlú tiwa òdúndún la ń pe méjèèjì, ìgbà tí mo dé Èkìtì fún iṣẹ́ ìsìnlú ni mo tó mọ̀ pé èèyàn kan wà tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa ni pé, wọ́n á fọ ewé náà mọ́, wọ́n á yan án fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí iná títí tí á fi rọ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ á yí, wọ́n á wá fi ọwọ́ fún omi ẹ̀ sínú ṣíbí, wọ́n á fi iyọ̀ bíńtín sí i, ọmọ á lá a. Àgbàlagbà máa ń fi oyin sí i. Eéwo tí kò tíì bẹ́ ńkọ́, ewé tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n máa ń fi òróró pa lára tí wọ́n á fi lé e lórí kó lè tètè pọ́n. Orí tó bá ń fọ́, wọ́n á fi ewé tútù lé iwájú orí, èyí tiẹ̀ ṣiṣẹ́ fún èmi o, ó kàn ń tutù sí èèyàn lára ni. Etí dídùn náà wọ́n máa ń kán omi ẹ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì_Ìlọrin

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìyá mi náà sì fi àbámọ̀dá tọ́ wa, mi ò kórìíra ewé rárá, àmọ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ ò rí bí ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Àkọ́kọ́, oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kódà bó jẹ́ oyin ìgàn, kòkòrò kan lè wà nínú ẹ̀ tí ìfun ọmọ kékeré ò ní lè bá jà, á wá máa tú oró sí ọmọ lára títí ọmọ á fi dẹ̀ tí kò ní lè fa ọmú mọ́. Iyọ̀ náà, kíndìnrín ọmọ ò tíì gbó tó láti gbé e. Ewé náà fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Èròjà kan wà nínú ìdílé ewé yìí tí wọ́n ń pè ní bufadienolide, ọkàn èèyàn ló máa ń bá ṣe, bí oògùn digoxin tí dókítà máa ń fún àwọn tí ọkàn wọn ò lágbára. Nínú ewé kan ó lè pọ̀, nínú òmíràn ó lè kéré, kò sẹ́ni tó lè fojú wọ̀n ọ́n. Àgbà lè mu ún kó má rí nǹkan kan, ọmọ ò ní ara tó lè fi dán an wò.

Torí náà màmá Mọ́rẹ̀, ọmú ni kí ẹ máa fún un dáadáa, omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú ọmọ wà ní kẹ́mísìtì yín níbẹ̀, ẹ gbé orí ẹ̀ sókè díẹ̀ tí ẹ bá gbé e lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí i pé ó ń mí kíákíá, tí ẹran abẹ́ ìhà ẹ̀ ń wọlé tó bá ń mí, tí kò fẹ́ mu ọmú, tí ara ẹ̀ gbóná tàbí ètè ẹ̀ ń dúdú, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè lórí fóònù mọ́, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì yín níbẹ̀. Tí kò bá tíì le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn yín ò sì balẹ̀, 111 wà fún un.

Ohun méjì mìíràn kí n tó lọ. Ìwọ́ ọmọ tuntun, mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fi àbámọ̀dá gbígbóná àti òrí jó o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀, gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn apakòkòrò tí ìjọba ní ká máa lò ní Nàìjíríà, ni kí ẹ lò, ọ̀nà tí ìdọ̀tí lè gbà wọ ara ọmọ ni ìwọ́ yẹn jẹ́. Etí tó bá ń ṣọyún, ẹ má kán nǹkan kan sí i kí dókítà tó yẹ ẹ́ wò, ìlù etí lè ti lu.

ÌyáMọ́rẹ̀_London

Ẹ ṣé gan-an mà, Ọlọ́run á san án fún yín. Kò gbóná, ó ń mu ọmú dáadáa, ikọ́ yẹn ló kàn ń dí i lọ́wọ́ láti sùn lóru. Mo ti pinnu pé mi ò ní fún un. Mo ti sọ fún màmá, wọ́n kọ́kọ́ bínú, nígbà tí mo wá ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí wọ́n ní ó dáa, kí n gbin ewé náà dè é títí á fi dàgbà. Ẹ ṣáà máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ, ó ti ń wù mí láti mọ̀ sí i.

ỌmọDéjì

Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ òdúndún kẹ́ ẹ má dé Àkúrẹ́ o. Orúkọ ọba wa ni. Kábíyèsí tó wà lórí ìtẹ́ báyìí, Ọba Aládétóyìnbó Ògúnládé Aládélúsì tó gorí oyè ní 2015, Òdúndún Kejì ni wọ́n ń jẹ́. Òdúndún àkọ́kọ́, Òdúndún Asọ̀dẹ̀dẹ̀rọ̀, ọba ni láyé àtijọ́ kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa tán. Ẹ gbọ́ oríkì yẹn dáadáa, ẹni tó sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ẹ̀rọ̀. Ìlú tó bá ti rí ogun rí, ohun tó máa ń wá lára ọba nìyẹn, kó tutù, kí ìlú tutù lórí ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí òdúndún fi máa ń wà níbi ìwúyè ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, òun àti rinrin àti tẹ̀tẹ̀. Rinrin ni ewé wẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀pá ẹ̀ ń dán, tó máa ń hù lẹ́bàá ògiri balùwẹ̀ níbi tó bá tutù. Tẹ̀tẹ̀ kúkú lẹ mọ̀ nínú ọbẹ̀, àwọn àgbà sì máa ń wí pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Wọ́n á gbo wọ́n pọ̀ mọ́ omi, wọ́n á fi omi ìgbín sí i, omi ẹ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń gbàdúrà fún yín pé kí ilé yín tutù bí òdúndún, ẹ lọ fọwọ́ kan ewé náà lọ́sàn-án gangan nígbà tí oòrùn ń ta, ẹ máa mọ ohun tó ń sọ.

Sístà_Ruth_Agége

Mo fẹ́ béèrè nǹkan tọkàntọkàn, kí ẹnikẹ́ni má bú mi. Nínú ìjọ tiwa wọ́n ní ewé òrìṣà ni òdúndún, pé Kìrìsìtẹ́nì ò gbọdọ̀ gbìn ín sílé. Màmá mi àgbà tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ gbìn ín síwájú ilé títí wọ́n fi kú. Kí ni kí n ṣe sí i? Ó ṣì wà níbẹ̀.

ỌmọÌjẹ̀bú77

Sístà, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ewúro ńkọ́, ṣé àwọn onífá kì í lò ó? A sì ń jẹ ẹ́ ní Sátidé lẹ́yìn ìsìnkú olóyè ìjọ. Ohun tí èèyàn bá sọ sí ewé nídìí òrìṣà, ti onítọ̀hún nìyẹn. Ewé tí màmá yín gbìn, ọwọ́ màmá yín ló wà lára ẹ̀.

Alhaja_Òṣogbo

Ìbéèrè Sístà yẹn, wọ́n bi àwa náà ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tí Áfáà wa sọ ni pé kí n gbin ewé, kí n fi tọrọ ìlera lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí n má sọ pé ewé ló ní agbára. Ìyẹn ti tó mi. Àbámọ̀dá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ti gba gbogbo ibẹ̀.

ỌmọAwo_Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo ilé. Abẹ́ bàbá mi ni mo ti ń kọ́ṣẹ́, díẹ̀ tí mo lè sọ ní gbangba ni màá sọ.

Ewé lórúkọ, orúkọ ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibi ìwúre á ti gbọ́ ọ pé, "Ohun tí a bá wí fún ọgbọ́ l'ọgbọ́ ń gbọ́, ohun tí a bá wí fún ọgbà l'ọgbà ń gbà, àbá tí àbámọ̀dá bá dá l'Ọlọ́run ń gbà." Ẹ wo bó ṣe tò ó, ọgbọ́ ń gbọ́, ọgbà ń gbà, àbámọ̀dá ń dá àbá. Ẹni tó ń wúre fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ òun, kí ohun tóun dá lábàá ṣẹ, ó wá pe ewé mẹ́ta tí orúkọ wọn ti ní iṣẹ́ yẹn nínú. Ibi táwọn míì ti máa ń gbọ́ alágẹmọ dípò àbámọ̀dá náà wà, méjèèjì ló tọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń pè é.

Ẹ wá wo ewé náà fúnra ẹ̀. Ẹ já a, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi há ara ògiri, ẹ fi sáàárín ìwé, á ṣì yọ ọmọ. Ó ti dá àbá pé òun á yè, ó sì yè. Lójú tèmi, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn wò ó fún ìgbà pípẹ́ kó tó lanu.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ o. Ti ìwúre lọ́tọ̀, ti mímu lọ́tọ̀. Nítorí pé ewé kan dáa fún àdúrà kò ní ká máa gbé e mì. Ọ̀pọ̀ ewé tí a ń lò nídìí ìwúre ò gbọdọ̀ kan ẹnu èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ jókòó ti àgbà tó mọ̀ ọ́n, kó má ka ìlà méjì lórí fóònù kó wá lọ máa se àgbo fún ọmọlọ́mọ.

Tíṣà_Biology_Ògbómọ̀ṣọ́

Inú mi dùn sí ohun tí ọmọ awo sọ, torí ewé yìí gan-an ni mo máa ń mú wọ kíláàsì nígbà tí a bá dé orí bí ewéko ṣe ń bí sí i láìsí èso. Àwọn ọmọ á gbé e sórí òwú tútù, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì gbòǹgbò ti jáde.

Mo fẹ́ fi ìtàn ibi tó ti wá kún un. Madagásíkà ni ilé àbámọ̀dá, erékùṣù ńlá tó wà lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti gbé e káàkiri gbogbo ibi tí oòrùn ti mú. Lamarck ará Faransé ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1786, òní Kalanchoe pinnata ni wọ́n ń pè é, ẹ ṣì máa rí Bryophyllum nínú ìwé míì. Òdúndún ní tiẹ̀, Kalanchoe crenata, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni. Ẹ wá padà sórí orúkọ tí màmá Bódè sọ, ẹrú òdúndún. Ó jọ mí pé àwọn baba wa ti ní òdúndún nílé kí àlejò yìí tó dé, wọ́n rí i pé ó jọ ọ́, wọ́n fi í sẹ́yìn ẹni tó ti wà ńlẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn o, mi ò bá wọn débẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ní 1815, Benjamin Heyne tó ń ṣiṣẹ́ lórí ewéko ní Íńdíà kọ ọ́ pé tí èèyàn bá fi ahọ́n kan ewé àbámọ̀dá ní òwúrọ̀ kùtù, ó kan, tó bá fi máa di ọ̀sán kíkan yẹn ti lọ, nírọ̀lẹ́ ó ti ń korò díẹ̀. Òótọ́ ni. Ewéko yìí máa ń ti ojú ihò ara ẹ̀ pa lọ́sàn-án kí omi ara ẹ̀ má bàa gbẹ, òru ló máa ń ṣí i tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, á wá tọ́jú afẹ́fẹ́ náà pa mọ́ bí ásíìdì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Torí náà omi tí ẹ fún láàárọ̀ àti èyí tí ẹ fún nírọ̀lẹ́ kò rí bákan náà, bó tiẹ̀ jẹ́ ewé kan ṣoṣo ni. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé àgbà kan ní àárọ̀ nìkan ni kí wọ́n já ewé, kí a tó kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ jẹ́ ká rántí èyí.

Bọ́ọ̀dá_Lékè_Bremen

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ní Jámánì níbí, Goethe-Pflanze ni wọ́n ń pè é, torí Goethe akéwì wọn ńlá yẹn, tó kú ní 1832, fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó ń gbìn ín, ó ń fi àwọn ọmọ ewé ẹ̀ ṣe ẹ̀bùn fáwọn ọ̀rẹ́. Ìgbà tí ará ilé mi rí i lórí tábìlì mi tó pe orúkọ yẹn, mo ní ewé màmá mi lẹ̀ ń wò yẹn o. Oògùn tí wọ́n fi ewé yìí ṣe wà ní kẹ́mísìtì pẹ̀lú, ilé ìwòsàn kan ní Herdecke ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1970 fún aláboyún tí ìrọbí fẹ́ mú ṣáájú ọjọ́ ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìlọrin

Bọ́ọ̀dá Lékè, ẹ ṣé tí ẹ mú u wá, àmọ́ kí àwọn aláboyún tó ń ka èyí má kà á sódì o. Ohun tí ìyẹn ń fi hàn mí ni pé ewé náà ń dé ilé ọmọ. Dókítà ló ń fún wọn níbẹ̀, ó mọ ìwọ̀n ẹ̀, ó sì ń ṣọ́ wọn. Ẹni tó bá lóyún kó má fún un mu nílé. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn, tàbí oògùn tó ń mú kí èèyàn tọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà ẹ̀.

Ìlera_Pípé_Herbal

Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Àbámọ̀dá ń wo ikọ́ fée, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, òkúta inú kíndìnrín, fáíbírọ́ọ̀dù, jẹjẹrẹ. Mo ní èyí tí mo ti sè sínú ìgò, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ kí n kàn sí yín.

Ẹlẹ́wéỌmọ_Bódè

Rárá o, àbúrò, má ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Iṣẹ́ tí ò ń sọ yìí ni mo fi ń jẹun, mo sì ń sọ fún ẹ níwájú gbogbo èèyàn pé kò sí ewé kan tó ń wo gbogbo ìyẹn. Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, tí oògùn ò bá jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù. Ìtumọ̀ ẹ̀ nídìí iṣẹ́ wa ni pé ewé kan ò dá ṣiṣẹ́ gbogbo, a máa ń wá èkejì ẹ̀, a máa ń béèrè ọjọ́ orí, a máa ń béèrè bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ tí ìwọ fi ìgò kan dá dúró nílé, ọjọ́ tó yẹ kó ti wà lọ́dọ̀ dókítà lo gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn bíi tìẹ ló ń ba orúkọ àwa tó jókòó sídìí ewé jẹ́.

Fún ẹ̀yin tó kù, ohun tí mo fọkàn sí nípa àbámọ̀dá nìyí: ikọ́ tí kò tíì le fún ọmọ tó ti tó rìn tó ti ń jẹun dáadáa, ìwọ̀nba bíńtín, ọjọ́ díẹ̀ péré. Eéwo, ibi tó bá wú, orí fífọ́, lórí awọ ara. Tí ikọ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Èmi fúnra mi ti lé oníbàárà lọ ọ̀hún, tí mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Olóko_Ṣakí

Mi ò mọ̀ pé ẹ máa dé ibi oró, mo fẹ́ fi tèmi kún un fún àwọn tó ń sin ẹran. Ẹ má gbin àbámọ̀dá sí ibi tí màlúù tàbí ewúrẹ́ ti ń jẹ, pàápàá nígbà tó bá yọ òdòdó, oró ẹ̀ pọ̀ jù nínú òdòdó yẹn. Ní Ọsirélíà ó ti di èpò tó ń pa màlúù wọn, wọ́n ń náwó lé e lórí láti tu ú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yọ òdòdó lọ́dọ̀ wa, ìgbà yẹn náà sì ni koríko ń wọ́n, ẹran á máa jẹ ohun tó bá rí. Ewé tó bá gé bọ́ sílẹ̀ tún máa ń hù níbẹ̀, torí náà tí ẹ bá ń tu ú, ẹ kó o kúrò pátápátá, ẹ má dà á sórí ààtàn.

Ọmọ_Kétu_Bàhíà

Ẹ kú ìjókòó. Ìdílé wa ti Kétu wá, ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, iṣẹ́ ló gbé mi dé Salvador, ní Bàhíà, Brasil. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ará ibí ò gbàgbé ewé wọ̀nyí. Àbámọ̀dá, folha-da-fortuna ni ará ọjà ń pè é, ewé oríire. Òdúndún ń jẹ́ folha-da-costa, ewé tó ti Èbúté wá, Èbúté Áfíríkà ni wọ́n ń wí. Nínú ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń ṣe níbí, ewé tútù ni, ti Òṣàálá ni, Yorùbá ni wọ́n sì ń fi pe orúkọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wọn ni "kò sí ewé, kò sí òrìṣà". Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbo ewé, wọ́n á kọrin fún Ọ̀sanyìn, ewé kọ̀ọ̀kan lórin tiẹ̀, èèyàn ò lè kàn já a bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ òdúndún nínú orin kan, n ò lè pa á mọ́ra, mo sunkún.

Pierre Verger, ará Faransé tó wá di babaláwo ní Kétu wa lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní Fátúmbí, ìlú yìí ló gbé títí ó fi kú ní 1996. Ó kó orúkọ ewé jọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì rí ohun tí ọmọ awo Ọ̀yọ́ sọ lókè yẹn, pé ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú orúkọ ewé ni ọfọ̀ máa ń dì mú. Kúbà náà, dundun làwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀, ń pe àbámọ̀dá wọn, ẹ wò ó, àwọn náà ti pa méjèèjì pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ará Ìjẹ̀bú.

ỌmọÌjẹ̀bú77

Èyí mú orí mi wú. Ẹ ṣé púpọ̀, ọmọ Kétu.

ÌyáMọ́rẹ̀_London

Ọmọ ti sùn láti alẹ́ àná láìjí, ikọ́ ti ń rọlẹ̀, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí màmá àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi létí, ẹ̀gbọ́n ní kí n kí màmá Bódè. Ó ku gbígbìn. Òtútù ibí ò ní pa á ṣá? Ṣé mo sì lè rí òdúndún gidi níbí, nítorí màmá fẹ́ kí méjèèjì wà?

Bọ́ọ̀dá_Lékè_Bremen

Òtútù máa pa á tí ẹ bá gbé e síta lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, torí náà inú ilé ni, lójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé jù. Ike tí ẹ bá gbìn ín sí, ẹ lu ihò sídìí ẹ̀, ẹ fi yanrìn pọ̀ mọ́ ilẹ̀ dáadáa kí omi má dúró níbẹ̀, omi tó bá dúró ló ń jẹ gbòǹgbò ẹ̀. Ẹ má bomi rin ín títí ojú ilẹ̀ á fi gbẹ, nígbà òtútù ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó. Ewé tó wà lójú fèrèsé yẹn, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, ẹ má bò ó, àwọn ọmọ yẹn á ta gbòǹgbò fúnra wọn. Tí ẹ bá ní ológbò tàbí ajá nílé, ẹ gbé e sókè kọjá ibi tí wọ́n lè dé, oró tí olóko Ṣakí ń sọ yẹn kì í ṣe ti màlúù nìkan.

Ẹlẹ́wéỌmọ_Bódè

Òdúndún gidi á ṣòro díẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá tó ń gbin nǹkan sílé, ẹ má fi orúkọ béèrè o, ẹ ní kí wọ́n fi òdòdó ẹ̀ hàn yín. Tó bá kọjú sókè, tó pupa rúsúrúsú, tí awẹ́ ẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, ẹ ní kí wọ́n gé ọ̀pá kan fún yín, ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n gé gbẹ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó fi bọ ilẹ̀. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, ẹ ní ará Bódè ní kí wọ́n kú ọmọ.